Sàdákà Ni Àbí Ìrìn Àfẹ́? Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Lọ Tọ́jú Àwọn Ọmọ Akàndá Nílẹ̀ Òkèèrè



Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá ènìyàn ní oríṣiríṣi, tó fún ẹnìkan ní ẹsẹ̀ tó ń sáré, tó sì fún ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀ tí kò gbé e dúró. Kò sì fi èyí ṣe ọlọ́lá ju ìyẹn lọ lọ́dọ̀ Rẹ̀, àfi ẹni tó bá páyà Rẹ̀ jù. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìdájọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kan ilé púpọ̀. Àwọn ọmọ wa tó kọ́ iṣẹ́ físíòtẹ́rápì, àwọn tó kọ́ bí a ṣe ń la ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, àti àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe wọṣọ, bí yóò ṣe jẹun, tí yóò sì wẹ̀ fúnra rẹ̀, ti ń pọ̀ sí i, alhamdulillaahi. Àwọn kan wà nílé níbí, àwọn kan sì wà ní London àti Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn láti lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, kí wọ́n lọ tọ́jú àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara láìgba owó oṣù. Ẹlòmíràn fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn ọdún méjì. Bàbá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?" Ọmọ náà ń béèrè pé, "Ṣé láádá wà níbẹ̀?"

Èrò tèmi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò: iṣẹ́ ńlá ni, láádá sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má lọ bí ẹni tó ń lọ wòran. Bí o bá máa lọ, lọ bí olùkọ́ tó ń wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá ọmọ náà kò bá ní mọ nǹkan kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tí o bá padà, owó ọkọ̀ òfurufú rẹ tí o bá fi ṣe sàdákà ìbá sàn ju ìrìnàjò náà lọ.

Ipò tí Islam fi akàndá sí

Kí a tó sọ̀rọ̀ ìrìnàjò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń lọ bá. Ẹ rántí ìdí tí Suuratu Abasa fi sọ̀ kalẹ̀. Ànábì wa ń bá àwọn ọlọ́lá Kuraeṣi sọ̀rọ̀, ó ń retí pé kí wọ́n gba Islam. Abdullahi ọmọ Ummu Maktum tí í ṣe afọ́jú wọlé, ó ń béèrè ìmọ̀. Ànábì fajú ro, ó kọjú sí àwọn ọlọ́lá náà. Ọlọ́hun fi ìbáwí ránṣẹ́ láti òkè sánmà nítorí afọ́jú yẹn, a sì ń ka ìbáwí náà nínú ìrun títí di òní. Lẹ́yìn náà, Ànábì sọ ọ́ di apèrun, ó sì máa ń fi í sílẹ̀ ní Mẹ̀dínà láti rọ́pò rẹ̀ bí ó bá rìnrìn àjò.

Ẹ tún rántí Ataa ọmọ Abu Rabah. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé aláwọ̀ dúdú ni, ó ń tiro, apá rẹ̀ kan rọ, ojú rẹ̀ kan fọ́, èkejì sì tún fọ́ nígbẹ̀yìn. Síbẹ̀, òun ni mùfútì Mọ́kà láyé ìgbà rẹ̀, òun ni àwọn alálàájì máa ń lọ bi ní ìbéèrè ẹ̀sìn. Nípasẹ̀ Ataa yìí náà ni a fi gbọ́ ìtàn obìnrin dúdú kan tó ní wárápá, tó wá bá Ànábì pé kó ṣe àdúà fún òun. Ànábì fi sí i lọ́wọ́ pé kó yan ìfaradà kó sì gba àlùjánnà, tàbí kí òun bẹ Ọlọ́hun kí ara rẹ̀ dá. Ó yan ìfaradà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀ nígbà tí àìsàn náà bá gbé òun ṣubú. Ànábì sì ṣe àdúà náà fún un. Hádíìsì yìí wà nínú Bukhari àti Muslim.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì níbẹ̀. Ànábì kò sọ fún obìnrin náà pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa àìsàn. Ó bi í ní ohun tó fẹ́, ó sì gbọ́ tirẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ bíbo àṣírí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ akàndá níbikíbi láyé, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn: béèrè kí o tó fọwọ́ kàn, kí o sì bo ọlá ẹni tí o ń tọ́jú.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ yìí dà bí abẹ́rẹ́: dókítà dé, ó gún un, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní cerebral palsy. Ọpọlọ ọmọ ló fara pa kí wọ́n tó bí i, tàbí nígbà ìbímọ, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kò tètè mí nígbà tí wọ́n bí i, tàbí pé ibà pọ́njú mú un gidi láàrin ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i tí wọn kò sì tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, tàbí pé àrùn wọ inú awọ tó bo ọpọlọ rẹ̀. Ibi tó fara pa nínú ọpọlọ kì í padà sí bó ṣe wà. Kò sí físíò kan, ì báà ti Jámánì wá, tó lè wò ó sàn ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ni iṣẹ́ olùtọ́jú nígbà náà? Òun ni yóò kọ́ni bí ọmọ yóò ṣe jókòó tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi ní wọ́, bí a ó ṣe máa na iṣan rẹ̀ lójoojúmọ́ kí oríkèé rẹ̀ má baà le pa, bí a ó ṣe bọ́ ọ tí oúnjẹ kò fi ní gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá púpọ̀ ló máa ń dá orí ọmọ sẹ́yìn kó tó da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, nítorí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tètè gbé e mì. Bẹ́ẹ̀, orí tí a dá sẹ́yìn gan-an ló ń jẹ́ kí oúnjẹ ṣìnà, tí ọmọ á fi máa wúkọ́, tí àyà rẹ̀ á fi máa dùn ún lemọ́lemọ́. Bí ẹnìkan bá kọ́ ìyá náà pé kó gbé ọmọ jókòó, kó jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó sì fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ ní sùúrù, ẹ̀mí ọmọ lè ti ibẹ̀ gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni a óò ṣe é, fún ọdún púpọ̀. Ta ni yóò ṣe é? Ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti màmá àgbà ni. Àlejò kọ́.

Ẹ tún wo ọmọ tí wọ́n bí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú. Dókítà Ignacio Ponseti, ọmọ ilẹ̀ Spain tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti tọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣe iṣẹ́ abẹ ńlá. Wọ́n á fi ọwọ́ rọra tọ́ ẹsẹ̀ náà, wọ́n á fi píópì dè é, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje, ẹsẹ̀ náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn nílò kí wọ́n gé iṣan gìgísẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Gbogbo èèyàn á ya fọ́tò, wọ́n á yọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ wọ bàtà méjì tí wọ́n fi irin so pọ̀ fún wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kó máa wọ̀ ọ́ sùn títí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyá bá bọ́ ọ sọ nù nítorí ẹkún ọmọ, ẹsẹ̀ á tún padà yí. Olùyọ̀ǹda tó wá fún oṣù kan, tó de píópì, tó sì lọ láìfi ẹni tí yóò máa bójú tó bàtà sílẹ̀, ìbànújẹ́ ló gbìn sílé olúwarẹ̀.

Abájọ tí Ànábì wa fi kọ́ wa, gẹ́gẹ́ bí Aishat ìyá wa ṣe gbà á wá, pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun nífẹ̀ẹ́ sí jù ni èyí tí a kò dá dúró, bó tilẹ̀ kéré. Ìtọ́jú ọmọ akàndá wà lára iṣẹ́ tí hádíìsì yẹn bá mu jù láyé.

Àwọn tó lọ, tí ilẹ̀ sì dára lẹ́yìn wọn

Ní ọdún 1969, ọ̀dọ́bìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Valerie Taylor, tí í ṣe físíò, bá ẹgbẹ́ Voluntary Service Overseas lọ sí ilé ìwòsàn àwọn Kristẹni kan ní Chandraghona. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Bangladesh lónìí nìyẹn, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Àdéhùn rẹ̀ kò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣẹ́ níbẹ̀, ikú ló kù tó ń dúró dè, nítorí kò sí ibi ìtọ́jú. Ó kọ́ èdè wọn. Ó lọ, ó bọ̀. Ní ọdún 1979, wọ́n fún un ní ilé ìkó-sìmẹ́ǹtì tí wọn kò lò mọ́ nínú ọgbà ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Dhaka, aláìsàn mẹ́rin ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1990 wọ́n kó lọ sí Savar, níbi tí ilé iṣẹ́ náà ti di ńlá. Lónìí, wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy níbẹ̀, ìyá àti ọmọ á jọ wọlé, wọ́n á sì kọ́ ìyá ní iṣẹ́ náà kó tó padà sí abúlé rẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Bangladesh ti ń kọ́ iṣẹ́ físíò àti ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ fúnra wọn. Ní ọdún 1998, ìjọba ilẹ̀ náà fi ìwé sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì wáyé ní Mẹ́síkò, ní abúlé Ajoya ní ìpínlẹ̀ Sinaloa. Ní ọdún 1981, àwọn akàndá abúlé náà fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n pè ní PROJIMO. David Werner tó bá wọn ṣe é, òun náà ní àìlera iṣan. Bí olùtọ́jú láti òkèèrè bá fẹ́ wá bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n á fún un lófin: kó wá kọ́ wọn ní iṣẹ́, kó má wá gba iṣẹ́ ṣe fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi òfin yìí sọ́kàn. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n òun ló ya sàdákà tó ń ṣàn lẹ́yìn ikú sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tó parí ní pápákọ̀ òfurufú.

Ohun márùn-ún tí o gbọ́dọ̀ bi ara rẹ kí o tó lọ

Àkọ́kọ́: ṣé mo mọ iṣẹ́ náà? Hádíìsì kan wà nínú Abu Dawud tó fi hàn pé ẹni tó bá ń ṣe oníṣègùn láì jẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, òun ni yóò san ohun tó bá bàjẹ́. Àwọn kan wà tí wọn kò lè fọwọ́ kan aláìsàn nílé ìwòsàn ìlú wọn nítorí wọn kò tíì gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ilẹ̀ tálákà, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á máa fa ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ara ọmọ tálákà kì í ṣe ibi ìdánrawò. Ohun tí wọn kò ní jẹ́ kí o ṣe fún ọmọ tó wà nílùú rẹ, má ṣe é fún ọmọ tó wà lókè òkun.

Ìkejì: kí ni àníyàn mi? Ẹ mọ hádíìsì àwọn mẹ́ta tí wọn ó kọ́kọ́ jù sínú iná: onímọ̀, jagunjagun àti olùtọrẹ, tí gbogbo wọn ṣiṣẹ́ kí èèyàn lè yìn wọ́n. Ní ayé Facebook yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Tí o bá gbé ọmọ tó ń da itọ́, tí aṣọ rẹ̀ ti ká sókè, tí o ya fọ́tò, tí o sì gbé e síta, ta ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ àbúrò tìrẹ ni, ṣé wàá gbé e síta? Obìnrin tó ní wárápá yẹn bẹ̀bẹ̀ pé kí ara òun má ṣí sílẹ̀, Ànábì sì gbà fún un. Ìwọ ń fi ọwọ́ ara rẹ ṣí ara ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ṣekárími nìkan kọ́ nìyẹn, gbígba ọlá ẹlòmíràn ni pẹ̀lú.

Ìkẹta: ọ̀dọ̀ ta ni mò ń lọ? Ṣọ́ra fún ilé ọmọ òrukàn tó ń gba owó lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n lè wá bá ọmọ ṣeré. Níbòmíràn, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ní òbí láyé, owó àlejò ló jẹ́ kí wọ́n kó wọn jọ. Ní ọdún 2019, àpérò gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìpinnu kan síta tó mẹ́nu ba ewu tó wà nínú irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti mọ́ àlejò mẹ́wàá lára láàrin ọdún kan, tí gbogbo wọn sì fi í sílẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ ti gba ọgbẹ́ mẹ́wàá. Lọ síbi tí òbí ti wà pẹ̀lú ọmọ, níbi tí àwọn oníṣègùn ìlú náà ti ń ṣiṣẹ́, tí àwọn fúnra wọn sì sọ pé àwọn nílò rẹ.

Ìkẹrin: ta ni yóò ṣe é lẹ́yìn mi? Kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí o kò bá rí orúkọ kan kọ, iṣẹ́ rẹ kò tíì pọ́n.

Ìkarùn-ún: ṣé àwọn òbí mi yọ̀ǹda? Ọkùnrin kan wá bá Ànábì pé òun fẹ́ lọ jagun fún ẹ̀sìn. Ànábì bi í bóyá òbí rẹ̀ wà láyé. Nígbà tó ní wọ́n wà, Ànábì ní kó lọ máa sa ipá rẹ̀ lórí wọn. Bí màmá rẹ bá ní àrùn rọpárọsẹ̀ nílé, tí kò sí ẹni tí yóò gbé e dìde, aláìsàn rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Díẹ̀ sàn ju òfo lọ ńkọ́?"

Ẹnìkan á sọ pé, "Àwọn ọmọ yẹn kò rí ẹnikẹ́ni rárá. Ṣé ọ̀sẹ̀ méjì tèmi kò sàn ju òfo lọ?" Ìbéèrè tó dára ni, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì lè wúlò gan-an bí a bá mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, o lè kọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́ta bí wọn ó ṣe tètè dá ibà pọ́njú mọ̀ lára ìkókó. O lè kọ́ káfíńtà bí yóò ṣe fi pákó kan àga tí ọmọ tí kò lè jókòó lè jókòó sí. O lè kọ́ ìyá mẹ́wàá bí wọn ó ṣe máa bọ́ ọmọ wọn. O lè padà lọ ní ọdún tó tẹ̀lé e, sí ibì kan náà, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan náà, kí o máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàrin ọdún. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ọ̀sẹ̀ méjì na ẹsẹ̀ ogójì ọmọ, tí o sì lọ, iṣan wọn á ti padà le kí o tó tú ẹrù rẹ tán. Òun kọ́ ni díẹ̀ tó sàn ju òfo lọ. Ìrètí tí a gbé wá tí a sì tún gbé lọ ni, ó sì máa ń dun ìyá ọmọ ju àìrí ẹnikẹ́ni lọ.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi yẹ ọmọ Mùsùlùmí

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn nǹkan kan wà tí àlejò tí kò mọ ẹ̀sìn kò lè rí. Mú ọmọ tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ. Olùtọ́jú láti òkèèrè á fi ṣíbí sí i lọ́wọ́ òsì, inú rẹ̀ á sì dùn pé ọmọ ti ń dá jẹun. Màmá àgbà á gba ṣíbí náà, á gbá ọwọ́ ọmọ nítorí pé ọwọ́ òsì kọ́ ni Mùsùlùmí fi ń jẹun, Yorùbá pàápàá kò sì fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Mùsùlùmí tó jẹ́ olùtọ́jú lè jókòó ti màmá, kó kúnlẹ̀ kó kí wọn dáadáa, kó sì ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ pé ẹni tó ní àwíjàre lè fi ọwọ́ òsì jẹun, àti pé Suuratun Nuur ti sọ̀rọ̀ ìdẹ̀rùn fún afọ́jú, arọ àti aláìsàn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, màmá fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ṣíbí sí ọmọ lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rukiya. Kò sí ìjà láàrin Àlùkùráánì tí Áfáà ń ké sí ọmọ lára àti iṣan tí físíò ń nà. Ànábì ṣe àdúà fún aláìsàn, ó sì tún pàṣẹ pé kí a wá oògùn. Ẹni tó bá mọ méjèèjì ló lè sọ fún ìdílé pé kí wọ́n má fi ọ̀kan pa èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, èdè wa ń dúró dè yín: ta ni yóò kọ́ ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ wúwo láti ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ àti ọkọ, bí kì í bá ṣe ẹni tó gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ọ̀nà náà kò sì ṣòro rí. Láti ọdún 1987 ni ìjọba Nàìjíríà ti dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀, tó ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ mìíràn lọ ran àwọn orílẹ̀-èdè bíi Gambia lọ́wọ́ fún ọdún méjì. Ọdún méjì kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni Benin àti Togo kò jìnnà sí wa, àwọn ará wa tó gbọ́ Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí London, tí ẹ ń wá Ìlọrin tàbí Ìbàdàn fún yídì lọ́dọọdún, ẹ lè sọ ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi yín di iṣẹ́ tí ẹ ń padà sí lọ́dọọdún. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn físíò tó wà nílé, nítorí pé Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn láti ọdún 1966. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọn kò ní.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tó kù yìí tiyín ni. A kò lè máa rán ọmọ lọ sí òkèèrè lọ tọ́jú akàndá, kí a sì ti akàndá tiwa mọ́ yàrá ẹ̀yìn bí àlejò bá dé. Ọmọ wà ládùúgbò wa tí kò tíì dé mọ́sáláásí rí nítorí ìtìjú òbí. Àwọn kan ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ejò, ọmọ odò, wọ́n sì ń bi ìyá rẹ̀ léèrè irú ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ìṣìnà ni ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ń pa ọmọ, nítorí kò sí ẹni tó ń gbé ọmọ ejò lọ sọ́dọ̀ físíò.

Ẹ wo mọ́sáláásí wa pẹ̀lú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ akàndá léèwọ̀, tó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí akàndá lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún ti kọjá. Mélòó nínú mọ́sáláásí wa ni kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn wọ̀? Níbòmíràn, bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ bá dé, wọ́n á ní táyà rẹ̀ yóò ba ẹní jẹ́. Aṣọ tútù lásán ni a fi ń nu táyà. Sìmẹ́ǹtì àpò díẹ̀ ni a fi ń ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ẹ kò bá tíì lè lọ sí òkè òkun, ẹ bẹ Imaamu kó fún yín ní wákàtí kan lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Jímọ̀ kan lóṣù, kí àwọn òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá kọ́ bí wọn ó ṣe máa bọ́ ọ, bí wọn ó ṣe máa gbé e jókòó. Àwọn ilé kéwú, ẹ gba àwọn ọmọ náà wọlé. Ataa ọmọ Abu Rabah ìbá má di mùfútì bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ ń fà sí iṣẹ́ yìí, lọ. Mú ìmọ̀ lọ, mú sùúrù lọ, mú àṣẹ òbí rẹ lọ, kí o sì fi fóònù rẹ sápò nígbà tí ọmọ bá ń sunkún. Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ rẹ ní abúlé náà mọ́, ṣùgbọ́n tí ìyá kan ń gbé ọmọ rẹ̀ jókòó kó tó bọ́ ọ, tó sì ń kọ́ aládùúgbò rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, Ọlọ́hun tí kì í gbàgbé kò ní gbàgbé tìrẹ.

A bẹ Ọlọ́hun kí Ó fún àwọn ọmọ wa tó ní ìpèníjà ara ní ìdẹ̀rùn, kí Ó fún àwọn ìyá wọn ní okun àti láádá. Kí Ó fi ìmọ́kànmọ́ sínú iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú wọn, nílé àti lókè òkun. Kí Ó má jẹ́ kí a tijú ẹni tí Òun kò tijú láti dá. Àmín.